A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: Bí àwọn àkàndá ẹ̀dá South Africa ṣe gba ẹ̀tọ́ láti fẹnu ara wọn sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́

Ní àríwá ìlú Johannesburg, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Fourways. Tí a bá fẹ́ fi Yorùbá pè é, oríta mẹ́rin ni. Títì ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá, William Nicol Drive ni orúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oníwàásù ìjọ Dutch Reformed ni Nicol. Wọ́n fi í ṣe alákòóso ìpínlẹ̀ Transvaal lọ́dún 1948, ọdún kan náà tí ẹgbẹ́ òṣèlú National Party gba ìjọba, tí ètò ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì di òfin ilẹ̀ South Africa.

Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ìlú Johannesburg yí orúkọ títì náà padà sí Winnie Mandela Drive. Ọjọ́ yẹn ni ìbá jẹ́ ọjọ́ ìbí Winnie, ẹni tó jáde láyé lọ́dún 2018.

Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, lọ́jọ́ 19, oṣù Keje, Ààrẹ Cyril Ramaphosa fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó sọ èdè àwọn adití, ìyẹn South African Sign Language, di èdè ìjọba. Òun ni èdè kejìlá tí òfin ilẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò tan mọ́ra. Àmọ́ ìbéèrè kan náà ló wà nídìí wọn: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ orúkọ tí a ó máa pe nǹkan, tàbí tí a ó máa pe ènìyàn?

Àjọ elétò ìlera lágbàáyé, WHO, sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 ènìyàn ló ń gbé ayé pẹ̀lú ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn mẹ́fà, ọ̀kan wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹlòmíràn ló ń fún wọn lórúkọ: dókítà, oníwàásù, ìjọba, àti ọmọ àdúgbò tó ń pariwo lẹ́yìn wọn. Ìtàn bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu ara wọn kọjá ní Johannesburg ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ lọ.

Nínú àròkọ yìí, "àkàndá ẹ̀dá" la ó máa lò jù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ mọ̀ lónìí. Àmọ́ bí a bá ṣe ń lọ, a ó rí i pé orúkọ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀.

Èdè tó ń ya ènìyàn sọ́tọ̀

IsiZulu wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń sọ jù ní Johannesburg. Nínú èdè yìí, ọ̀rọ̀ orúkọ pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ohun tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ lẹ fi máa mọ ọ̀wọ́ tó wà. Ènìyàn kan ni "umuntu". Tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n di "abantu".

Àmọ́ adití, "isithulu" ni wọ́n ń pè é. Arọ ni "isilima", ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń bú òmùgọ̀. Ọ̀wọ́ "isi" yìí ni àwọn nǹkan bí "isihlalo", ìyẹn àga, àti "isitsha", ìyẹn àwo, wà.

Òótọ́ ni pé "isazi", tó túmọ̀ sí ọ̀mọ̀ràn, wà níbẹ̀ náà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wà lọ́wọ̀ọ́ yẹn ni wọ́n ń bú. Síbẹ̀, tí o bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láti kékeré, wàá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí wọ́n kà ọ́ mọ́ àwọn "abantu" àti kí wọ́n kà ọ́ mọ́ àga àti àwo. Ti àwọn àfín tún burú jù. "Inkawu" ni àwọn kan máa ń pè wọ́n, ọ̀bọ ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Lóde òní, "abantu abakhubazekile" ni ìwé ìjọba máa ń kọ. "Abantu", àwọn ènìyàn, ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu kí ohun tó ń bá ara wọn fínra tó tẹ̀ lé e.

Lásìkò ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òun ni wọ́n fi ń pín ilé, iṣẹ́, ilé ìwé àti owó. Àkàndá ẹ̀dá tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú wá gba orúkọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún àwọn àkàndá kò dọ́gba: tàwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ ju tàwọn aláwọ̀ dúdú lọ. Ó di ọdún 1993 kí wọ́n tó mú un dọ́gba.

Ọmọ Johannesburg tó yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan padà

Lọ́dún 1938, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí Johannesburg tó ń jẹ́ Vic Finkelstein. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, lọ́dún 1954, ó ń fi ọ̀pá fò sókè níbi eré ìdárayá, ló bá ṣubú, ọrùn rẹ̀ sì kán. Láti ìgbà náà, orí àga onítáyà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ, ló ti ń gbé ayé rẹ̀.

Ìyẹn kò dí i lọ́wọ́ láti bá àwọn tó ń tako ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà rìn. Wọ́n mú un, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, ìjọba tún fi òfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ dé àwọn ibì kan, kò sì gbọ́dọ̀ bá àwùjọ péjọ.

Nígbà tó yá, Finkelstein ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ibi tí ìjọba ní kó má dé, kò lè dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn ti lé e kúrò níbẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Tí a bá gbà pé ìwà ìkà ni òfin ìjọba, kí ni ká wá pe ti àtẹ̀gùn?

Lọ́dún 1968, ó sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ló ti bá Paul Hunt pàdé, ẹni tó ti gbé ọ̀pọ̀ ọdún nílé ìtọ́jú àwọn àkàndá. Lọ́dún 1972, Hunt kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Guardian, ó ní kí àwọn àkàndá ẹ̀dá kó ara wọn jọ, kí wọ́n yé jẹ́ kí ẹlòmíràn máa pinnu fún wọn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ń jẹ́ Union of the Physically Impaired Against Segregation, tí wọ́n ń gé kúrú sí UPIAS. Ẹ wo "segregation" tó wà nínú orúkọ yẹn dáadáa. Ìyàsọ́tọ̀ ni, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń tako ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú kúrò lára aláwọ̀ funfun.

Lọ́dún 1976, ẹgbẹ́ náà gbé ìwé kékeré kan jáde tó ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Àkọ́kọ́ ni ohun tó ń ṣe ara, bí ẹsẹ̀ tí kò gbéra tàbí ojú tí kò ríran. Èkejì ni ohun tí àwùjọ ń ṣe fún ẹni náà: ilé ìwé tí kò gbà á, ọkọ̀ tí kò dúró dè é, agbanisíṣẹ́ tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n ní èkejì yìí gan-an ni "disability".

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àkàndá ẹ̀dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ara wọn ní "disabled people" títí dòní. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Àwa ni ènìyàn tí àwùjọ dí lọ́nà." Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló yan "people with disabilities", kí ọ̀rọ̀ ènìyàn lè ṣáájú. Òyìnbó méjèèjì ni, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni, àmọ́ wọn kò wo ibì kan náà. Àwọn tọ̀tún ń sọ pé ènìyàn ni wá kó tó di àkàndá, àwọn tòsì ń sọ pé ẹ̀yin lẹ dí wa lọ́nà.

Soweto: Àwa la ó ran ara wa lọ́wọ́

Ẹni kan tó dúró sí South Africa ni Friday Mavuso. Ìbọn ọlọ́pàá ló bà á lọ́pàá ẹ̀yìn ní àwọn ọdún 1970, tí kò fi lè rìn mọ́. Lọ́dún 1981, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Self Help Association of Paraplegics sílẹ̀ ní Soweto. Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, àwọn àkàndá fúnra wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn náà ló sì ń darí rẹ̀.

Tí ẹ bá wo orúkọ ẹgbẹ́ náà, ẹ ó rí i pé wọn kò sá fún ọ̀rọ̀ tí dókítà kọ sínú fáìlì wọn. "Paraplegics" wà níbẹ̀ ketekete. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi "Self Help", ìrànlọ́wọ́ ara ẹni, ṣáájú rẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti mọ arọ mọ́ agbe, ọ̀rọ̀ méjì yẹn tó láti yí ohun tí àwọn ènìyàn ń rò padà.

Lágbàáyé, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1980, àjọ Rehabilitation International ṣe ìpàdé ńlá ní ìlú Winnipeg, ní Canada. Àwọn dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ló pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ni wọ́n ń sọ. Àwọn àkàndá tó wà níbẹ̀ béèrè pé kí wọ́n fún àwọn ní ìdajì ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n kọ̀. Ni àwọn àkàndá bá lọ dá àjọ tiwọn sílẹ̀, Disabled Peoples' International, tó ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ní Singapore lọ́dún 1981. Ọdún yẹn ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, UN, yà sọ́tọ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá.

Lọ́dún 1984, wọ́n dá Disabled People South Africa sílẹ̀, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ wà níbẹ̀, lásìkò tí òfin ṣì ń yà wọ́n nípá. Mavuso wà lára àwọn tó ṣe olórí rẹ̀. Lọ́dún 1992, àwọn àkàndá ilẹ̀ náà gbé ìwé ẹ̀tọ́ wọn jáde, èyí tí wọ́n pè ní Disability Rights Charter. Nígbà tí Nelson Mandela gba ìjọba lọ́dún 1994, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí wọn yóò sọ. Òfin ilẹ̀ náà tọdún 1996 dárúkọ ìpèníjà ara pẹ̀lú ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti akọ-n-bábo lára ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Lọ́dún 1997, ìjọba gbé ìlànà kan jáde tó sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn àti àánú, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ tó gba South Africa wọ ayé

Lọ́dún 1993, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ja fún ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, James Charlton, wà ní South Africa. Àwọn méjì tí kò ríran ló gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn: Michael Masutha àti William Rowland. Àwọn náà ní ẹni kan láti ìlà oòrùn Europe ló sọ ọ́ níbi ìpàdé kan. "Nothing about us without us" ni ọ̀rọ̀ náà. Charlton fi ṣe orúkọ ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1998, ó sì tàn ká ayé.

Yorùbá ò nílò láti túmọ̀ rẹ̀. A ti ní in tipẹ́: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Masutha padà di mínísítà ètò ìdájọ́ ní South Africa láti 2014 sí 2019. Rowland di ààrẹ World Blind Union, àjọ àwọn afọ́jú lágbàáyé, lọ́dún 2004. Nígbà tí UN ń kọ àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí wọ́n buwọ́ lù lọ́jọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 2006, àwọn àkàndá jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ ọ́, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rán gbogbo ènìyàn létí. South Africa gba àdéhùn náà wọlé lọ́dún 2007. Nàìjíríà gbà á lọ́dún 2010.

Orúkọ rere, ikú oró

Àmọ́ ṣé orúkọ tó dára nìkan tó? Ìpínlẹ̀ Gauteng, níbi tí Johannesburg àti Fourways wà, ló dá ìbéèrè yìí lóhùn lọ́nà tó burú jù.

Láti ọdún 2002, òfin ìlera ọpọlọ ní South Africa kì í pe ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dà láàmú ní wèrè. "Mental health care user" ni òfin ń pè é, ìyẹn ẹni tó ń lo ìtọ́jú ìlera ọpọlọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn ún gbọ́: kò sí èébú níbẹ̀, kò sí àbùkù.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé àwọn yóò fòpin sí àdéhùn tó wà láàárín àwọn àti ilé ìtọ́jú Life Esidimeni, láti dín owó kù. Lọ́dún 2016, wọ́n kó àwọn aláìsàn tó lé ní 1,000 lọ sí oríṣiríṣi ibùdó, títí kan àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ tó péye. Ìdílé wọn pariwo, wọ́n lọ sílé ẹjọ́, àwọn oníṣègùn ọpọlọ kìlọ̀. Ìjọba kò gbọ́. Àwọn ìdílé kan kò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n gbé ènìyàn wọn lọ. Ebi, òtútù àti àìrí ìtọ́jú pa ènìyàn 144.

Kò sí ẹni tó bú àwọn 144 yìí nínú ìwé ìjọba. Orúkọ tí òfin là sílẹ̀ ni wọ́n fi ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Ohun tí wọn kò fún wọn ni ẹnu láti sọ pé, "Ẹ má gbé mi kúrò níbí." Nígbà tí Adájọ́ Dikgang Moseneke gbọ́ ẹjọ́ náà, tó sì gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 2018, àwọn ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló wá sọ orúkọ àwọn òkú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àwùjọ ti wá mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n.

Kí ni Yorùbá ń pe àkàndá ẹ̀dá?

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Èdè Yorùbá kò fi bò: afọ́jú, adití, odi, arọ, amúkùn-ún, abuké, àfín. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ ohun tí ojú rí lára ènìyàn, wọ́n sì sọ gbogbo ènìyàn náà di ibi kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Ìtàn àwọn baba wa náà ní àlàyé tirẹ̀. Wọ́n ní Ọbàtálá, ẹni tó ń mọ ènìyàn, mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n, ó sì mọ àwọn kan bí arọ, abuké àti àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó gbà wọ́n ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olórìṣà rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu, tí wọ́n sì ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ẹni òòṣà. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìtàn yìí kò di ẹ̀bi ru àkàndá tàbí ìyá tó bí i. Ẹlẹ́dàá ló gbé ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni "abirùn" wà, tó ń rán wa létí àrùn, àti "aláàbọ̀ ara", tí kò wúwo lẹ́tí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ àbọ̀ ni ìdajì. Ṣé ẹni tó ń tọ́ ọmọ, tó ń san owó ilé, tó ń kọrin tí gbogbo ìlú ń jó sí i, ìdajì ènìyàn ni? Yinka Ayefele wà lórí àga onítáyà láti ìgbà tí ìjàmbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún 1997. Ó ti gbé àwo orin púpọ̀ jáde, ó sì dá ilé iṣẹ́ rédíò Fresh FM sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àbọ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni "àkàndá ẹ̀dá" ṣe gbòde, ẹ̀dá tí Ẹlẹ́dàá dìídì dá. Ó gbé iyì fún ènìyàn, ó sì jọ èrò tó wà nídìí ẹni òòṣà. Ìpínlẹ̀ Èkó náà gba ọ̀nà yìí lọ́dún 2011 nígbà tí gómìnà ìgbà náà, Babatunde Fashola, fọwọ́ sí òfin tí wọ́n pè ní Special People's Law. Àmọ́ àwọn àkàndá kan kò fẹ́ orúkọ náà. Wọ́n ní bí ẹ bá ti sọ pé àwa jẹ́ ẹ̀dá ọ̀tọ̀, ó rọrùn láti kọ́ ilé ìwé ọ̀tọ̀ fún wa, ká sì wà lọ́tọ̀ títí ayé. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní, ọdún 2019, kò lo "special". "Persons with disabilities" ló lò, bíi ti UN.

Lóde òní, "ẹni tó ní ìpèníjà ara" ni ọ̀pọ̀ oníròyìn ń lò. Ó ní ọ̀wọ̀. Àmọ́ tí Finkelstein bá gbọ́ Yorùbá, ó ṣeé ṣe kó bi wá pé, ṣé inú ara ni ìpèníjà náà wà ni, àbí lórí àtẹ̀gùn báńkì?

Kì í ṣe orúkọ kan ló bá gbogbo ènìyàn mu

Ọ̀rọ̀ àwọn adití fi èyí hàn kedere. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé "adití" le jù, pé "ẹni tó ní ìpèníjà etí" ló ní ọ̀wọ̀. Àmọ́ àjọ World Federation of the Deaf kò fara mọ́ "hearing impaired" tó jọ ìyẹn. "Deaf" ni wọ́n fẹ́, adití ní ṣókí. Wọ́n ní àwa kì í ṣe ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tó ní èdè tirẹ̀ ni wá.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kórìíra ni "odi", nítorí ó sọ pé wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Accra lọ́dún 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1960. Adití ló wá kọ́ adití. Ìdí nìyí tí òfin South Africa tọdún 2023 fi ju ọ̀rọ̀ èdè lọ. Ìlú tó bá gba èdè adití bí èdè ìjọba kò tún lè pe adití ní odi.

Nítorí náà, kò sí ìwé kan tí a lè há sórí tí yóò sọ gbogbo orúkọ tó tọ̀nà fún wa. Ọ̀nà tó dájú jù ni ká bi ẹni náà pé, "Kí lẹ fẹ́ ká máa pè yín?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí wọn yóò sọ ni orúkọ tí bàbá àti ìyá wọn sọ wọ́n.

Lẹ́yìn orúkọ, kí ló kù?

Òfin Nàìjíríà tọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè gbà wọlé. Ó ní kí ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìíní, ọdún 2024. Ẹni tó bá dé ọ́fíìsì ìjọba tàbí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tó wà ládùúgbò rẹ̀ yóò rí i fúnra rẹ̀ bóyá àtẹ̀gùn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Yorùbá ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni. Àmọ́ ẹnu àwa tó ní ìka mẹ́wàá nìkan ni òwe yẹn ń pa dé. Òwe mìíràn wà tó fún àkàndá fúnra rẹ̀ lọ́rọ̀ sọ. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òun nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń fẹsẹ̀ yẹn rìn.